ÌTÀN BÍ OHÙN ṢE DI OHUN ÌPAMỌ́: LÁTI ORÍ GÍRAMÓFÓÒNÙ DÉ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ INÚ ILÉ

 

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ohun kan nípa ìtàn, kí ó sì jẹ́ èyí tí ẹbí lè lò. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá yan ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti gba ohùn sílẹ̀, títí ó fi di ohun tí ènìyàn lè fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú pálọ̀ rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀ fún sọ́fítíwíà tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìdí tí mo fi yan èyí kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa tó bá rélùwéè gòkè Ọya, tí wọ́n fi Kaduna ṣe ilé, ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Àwọn ọmọ tí a bí síbí mọ Haúsá, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n ki oríkì ilé baba wọn, wọn a máa wo ojú ara wọn. Àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn yìí sọ ni pé láyé àtijọ́, àwọn tó ni ẹ̀rọ ló ń yan ohùn tí a ó pa mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2000, yíyàn náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwa fúnra wa. Bí ohùn àgbà kan bá parẹ́ nínú ilé wa lónìí, a kò lè sọ mọ́ pé ẹ̀rọ ni kò sí.

1. Ìbẹ̀rẹ̀ Pẹ̀pẹ̀

Kí ẹ̀rọ tó dé, àwa náà ní ọ̀nà tí à ń gbà pa ọ̀rọ̀ mọ́. Orí ènìyàn ni ilé ìpamọ́ wa. Babaláwo a kọ́ Ifá fún ọ̀pọ̀ ọdún, arọ́kin a máa ka ìtàn ọba láàfin Ọ̀yọ́, ọdẹ a kọ́ ìjálá lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ìyá ilé a máa ki ọmọ láàárọ̀. Ọ̀nà yìí dára, ó sì ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó gba pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ọ̀gá. Bí ọmọ bá wà ní Kaduna, tí ìyá àgbà wà ní Ìlá Ọ̀ràngún, okùn náà já nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Édouard-Léon Scott de Martinville gbé ẹ̀rọ kan jáde ní 1857, tó ń fi ohùn ya ìlà sórí bébà tí wọ́n ti fi èéfín àtùpà kùn dúdú. Ẹ̀rọ náà lè kọ ohùn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ padà. Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ló ṣe èyí tó ń gbọ́, tó sì ń sọ padà, ní 1877. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà ló wé mọ́ òpó róbótó kan. Bí òpó náà ti ń yí, abẹ́rẹ́ ń fi ohùn gbẹ́ ojú irin náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìda dípò irin. Ní 1887, Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, mú àwo pẹlẹbẹ wá, òun ni gíramófóònù tí àwọn bàbá wa mọ̀. Àwo ṣeé tẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti ara ẹyọ kan, ìdí nìyẹn tí òwò rẹ̀ fi gbilẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ka ìlà tí Scott yà sórí bébà ní 1860, wọ́n sì gbọ́ orin tí ẹnì kan kọ sí i. Ọdún 148 ni ohùn náà fi dákẹ́ sórí bébà. Ohun tí a bá ti pa mọ́ dáadáa, ọjọ́ kan lè wà tí a ó tún gbọ́ ọ. Èyí tí a kò pa mọ́ rárá, kò sí ẹ̀rọ tó lè jí i.

2. Ta Ló Ni Ẹ̀rọ?

Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tètè dé, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ wa. Láàrin 1909 sí 1913, Northcote Thomas, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti ṣe ìwádìí nípa àwọn ènìyàn àti àṣà wọn, gbé ẹ̀rọ onída kiri ilẹ̀ Ẹdó àti apá kan ilẹ̀ Ìgbò. Ó gba orin, ìtàn àti ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀. Àwọn òpó ìda náà wà ní British Library ní London di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ní ti Yorùbá, àwọn oníṣòwò ló mú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, baba àgbà Fẹlá, lọ sí London ní àwọn ọdún 1920, ó sì kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó kú ní 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà títí dòní. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò bá a láyé lè gbọ́ bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀.

Ẹnì kẹta ni Ọ̀mọ̀wé Lorenzo Dow Turner, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ èdè. Ní 1940 sí 1941, ó gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú ti ń kọrin òrìṣà ní èdè Nàgó, tí í ṣe Yorùbá tiwa. Ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ní 1951, ó wá sí Nàìjíríà, ó tún gba ohùn sílẹ̀ níbí. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Indiana University.

Ìjọba ló rán ti àkọ́kọ́ níṣẹ́, òwò ló mú èkejì wá, ìmọ̀ ìwé ló gbé ẹ̀kẹta dìde. Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo wọn, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ́ sí ọ̀nà wọn nìkan ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀ nídìí ààrò ní Ìyàgbà tàbí ní Ìgbómìnà lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ta ló gbé ẹ̀rọ lọ bá a?

Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa náà sa ipá wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá gbé ìwé jáde lórí ìjálá ní 1966, ó sì tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ní 1967. Ìwé ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìró ohùn ni ìtumọ̀. Ibi tí akéwì ti fa ohùn gùn, ibi tó ti gé e kúrú, bí ará Èkìtì ṣe ń sọ ọ́ tí ti ará Ìjẹ̀bú yàtọ̀, bébà kò lè gbé gbogbo rẹ̀.

3. Ayé Téèpù àti Kásẹ́ẹ̀tì

Ní 1928, Fritz Pfleumer ní Jámánì ṣe téèpù tí a fi lúúlúú irin lẹ̀ mọ́ bébà. Ilé iṣẹ́ AEG fi ẹ̀rọ tó ń lo téèpù han gbogbo ayé ní Berlin ní 1935. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ló kọ́kọ́ ń lò ó, nítorí ẹ̀rọ náà tóbi, ó sì wọ́n. Ìgbà tí Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde ní 1963 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún á rántí. Rẹ́kọ́dà wọ ilé wa. A fi gba ìwàásù, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa tí òbí wọn kò mọ̀wé kì í kọ lẹ́tà sílé mọ́. Wọn a sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn a fi rán ẹni tó ń lọ sílé, bàbá náà a sì dáhùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a fi ránṣẹ́ padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ẹbí.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ní àìsàn. Ooru a máa bà á jẹ́, eruku ọyẹ́ a wọnú rẹ̀, ìbu a hù sí i lára. Bí a bá tún gba òmíràn sórí rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí a bá sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà kì í dára tó ojúlówó, ẹ̀dà ti ẹ̀dà a sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, mo rí iyàrá kan tí àpótí téèpù kún dé àjà. Òjò ti wọ ibẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè lu téèpù náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tó sọ ohun tó wà nínú èyíkéyìí. Nígbà tí ọ́fíìsì náà kó lọ sí ibòmíràn, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. N kò mọ ohùn ta ni a sọ nù lọ́jọ́ náà. Kò sì sí ẹnì kan tó mọ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé tí à ń pè ní IASA kìlọ̀ pé títí di nǹkan bí ọdún 2025 nìkan ni wọ́n retí pé ẹ̀rọ àti ohun èlò tí a fi ń lu téèpù yóò ṣì wà káàkiri. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì wà lábẹ́ ibùsùn wa, asán ni ìdúró rẹ̀ ń sún mọ́.

4. Kọ̀ǹpútà Wọ Ọ̀rọ̀ Náà

Báwo ni kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló mọ̀, ṣe ń gba ohùn sílẹ̀? Máìkì ń sọ ohùn di iná kékeré tó ń lọ sókè sódò. Kọ̀ǹpútà ń wọn iná yìí lemọ́lemọ́, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró létí odò, tó ń wọn bí omi ṣe ga tó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń wọn tirẹ̀ ní ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yẹn ni àwo CD bá wá sọ́jà ní 1982. Wọ́n yàn án nítorí pé ìró tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni etí ènìyàn lè gbọ́ mọ, òfin ìmọ̀ náà sì ni pé ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Àǹfààní ńlá tó wà nínú nọ́ńbà ni pé ẹ̀dà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojúlówó. Bí a dà á kọ ní ìgbà 100, ìkọkànlélọ́gọ́rùn-ún á rí bí àkọ́kọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni ààyè. Ìṣẹ́jú kan ohùn bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10, wákàtí kan sì lé ní 600. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ni kò ní ààyè tó tó ti wákàtí méjì. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe ọ̀nà ìdìpọ̀ tí à ń pè ní MP3. Ọdún 1995 ni orúkọ yẹn mọ́ fáìlì rẹ̀ lórí. Ó lè sọ fáìlì ńlá di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Kọ̀ǹpútà Windows ti ní ohun ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí à ń pè ní Sound Recorder. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n títí di ayé Windows XP, ìṣẹ́jú kan péré ni ó ń gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àfi tí ènìyàn bá mọ ọgbọ́n tí a fi ń tàn án. Kí ìyá àgbà tó kí ẹni tó jókòó tì í tán, ìṣẹ́jú kan ti pé. Sọ́fítíwíà tó jù ú lọ wà, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ní ìparí 1999, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Dominic Mazzoni àti ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, Roger Dannenberg, ní Carnegie Mellon University ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sọ́fítíwíà kan fún ìwádìí tiwọn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Audacity. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pamọ́, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe. Àwọn olùyọ̀ǹda láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè bá wọn dá sí i. Ilé iṣẹ́ Muse Group gbà á ní 2021, síbẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù àti máìkì olówó pọ́ọ́kú ní ohun tí Northcote Thomas kò ní.

5. Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ní 2009, mo fi sọ́fítíwíà yìí gba ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi sílẹ̀, ìjókòó mẹ́rin, ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Màmá ki oríkì ilé wa, ó sọ ìtàn bí wọ́n ṣe bá rélùwéè dé Kaduna, ó sọ orúkọ ẹni tó gbà wọ́n sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ibì kan, ewúrẹ́ ké níta, Màmá sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti di olóògbé láti 2012. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀rín yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ oríkì tó tẹ̀ lé e, àwọn méjì nínú wọn sì ti mọ̀ ọ́n kì báyìí.

Iṣẹ́ náà kò le. Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni ariwo. Ẹ pa fáànù àti fíríìjì, ẹ ti fèrèsé, ẹ sì lo bátìrì kọ̀ǹpútà dípò jẹnẹrétọ̀. Bí iná ọba bá lọ, àǹfààní ni, bí aládùúgbò kò bá tíì tan tirẹ̀. Ìdájí dára ju ọ̀sán lọ. Ẹ gbé máìkì sí nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí èémí “p” àti “gb” má baà máa lu máìkì.

Bí ẹ bá ṣí Audacity, bọ́tìnnì pupa ni ti ìgbohùnsílẹ̀, èyí tó ní igun mẹ́rin ni ti ìdúró. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi ohun ìgbọ́rọ̀ etí gbọ́ ọ. Ẹ óò rí òṣùwọ̀n kan tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń kan òpin, ohùn náà á fọ́, kò sì sí àtúnṣe gidi fún un. Ẹ dín in kù. Ẹ jẹ́ kí ó gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí sọ́fítíwíà náà lè fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn mọ ariwo iyàrá, kí ó sì dín in kù lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹnu yín sọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà, àti orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà ṣeé gbé wọlé. Wáyà kan láti ojú ihò ìgbọ́rọ̀ rẹ́kọ́dà sí ihò ìgbóhùnwọlé kọ̀ǹpútà ti tó. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, kí ẹ lu kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan á gba wákàtí kan. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

6. Gbígbà Sílẹ̀ Yàtọ̀ Sí Pípamọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Títí di 2021, bí a bá tọ́jú iṣẹ́ sínú Audacity, nǹkan méjì ló ń ṣe: fáìlì kékeré kan tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .aup, àti àpò kan tí ìparí tirẹ̀ jẹ́ _data. Inú àpò yẹn ni ohùn wà. Ẹni tó bá da fáìlì kékeré nìkan kọ sórí fíláàṣì, ìgbá òfìfo ló gbé lọ. Láti ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní 2021 ni gbogbo rẹ̀ ti di fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ àtijọ́, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a gbé ohùn náà jáde ní WAV láti fi pa mọ́, kí a sì ṣe MP3 fún pípín fún ẹbí. Kí a ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí dísìkì mìíràn, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí tó wà ní ìlú mìíràn. Kí orúkọ fáìlì sọ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti ẹni tó sọ̀rọ̀. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kí a tún dà á kọ sórí ohun tuntun, nítorí ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìda lọ, àwo lọ, téèpù lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ wa á sọ pé fóònù ti ń ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni, ẹ fi fóònù gbà á bí òun ló wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ohùn tó wà nínú fóònù tàbí nínú WhatsApp nìkan, ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi ni ó lọ. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ awo wà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìjà ẹbí wà. Ohun tó bá ní kí a má gbé síta, kí a bọ̀wọ̀ fún un.

7. Àgbálọgbábọ̀

Wọ́n ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. A kò lè dá ikú dúró, ṣùgbọ́n a lè dá ìdahoro náà dúró díẹ̀. Mo dábàá nǹkan mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan gba ohùn àgbà kan sílẹ̀ kí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ tó pé. Èkejì, kí àwọn tó ní kásẹ́ẹ̀tì ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kó wọn jáde, kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà gbé wọn wọlé. Ẹ̀kẹta, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a ó máa kọ ohun tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan sí, nítorí ohùn tí a kò mọ orúkọ ẹni tó ni ín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ariwo lásán.

Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ohùn wọn parẹ́ lójú wa. Kí ó sì jẹ́ kí àwa náà di ẹni tí àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Àṣẹ.